Ìwé Gáàsì ní Peckham, Ògiri Tó Lanu ní Bàrígà

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo sọ. Ṣé ẹ ti gbọ́ ti Bàbá Lọ́ńdọ̀nù? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kì í dá sí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé, ṣùgbọ́n bí mo bá pa èyí mọ́ra, inú mi á bẹ́.

Ilé méjì ni Bàbá ń gbowó lé lórí. Ọ̀kan wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti wa bọ́ọ̀sì títí tó fi fẹ̀yìn tì. Èkejì wà lẹ́yìn ọjà ní Bàrígà níbí, ilé alájà kan, yàrá kọjú sí yàrá, ènìyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Ti Peckham, ẹ wá wo ìgbọràn! Lọ́dọọdún ni Bàbá ń pe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Gas Safe, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn tí òfin gbà láyè láti ṣiṣẹ́ gáàsì, kó wá yẹ sítóòfù àti ẹ̀rọ omi gbígbóná wò. Kí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tó pé lẹ́yìn àyẹ̀wò náà, ẹ̀dà ìwé rẹ̀ á ti dé ọwọ́ ayálégbé, gẹ́gẹ́ bí òfin gáàsì 1998 ṣe sọ. Láti ìgbà tí òfin iná mànàmáná 2020 sì ti dé, ọdún márùn-ún márùn-ún ni oníná ń tú waya ilé náà wò. Ìtanràn ẹni tó bá kọ̀ lè tó £30,000 nígbà tí òfin náà kọ́kọ́ jáde, Bàbá sì mọ iye náírà tí ìyẹn máa jẹ́. Ẹ̀rọ tó máa ń ké bí èéfín bá rú wà ní àjà kọ̀ọ̀kan. Kódà, tó bá fẹ́ wọlé lọ wo bí nǹkan ṣe ń lọ nínú ilé tó fi owó ara rẹ̀ rà, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ayálégbé, kí odidi wákàtí mẹ́rìnlélógún kọjá, kó tó fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Ó sì ń kọ ọ́ o! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé inú ilé náà rí, ó fi lẹ́tà ọ̀hún hàn wá. Ẹ̀bẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ọpẹ́ ló fi parí.

Bàbá kan náà yìí ló máa ń bọ́ sínú bàálù, á balẹ̀ sí Ìkẹjà. Mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè Heathrow ló máa ń fi ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ pa mọ́ sí títí tó fi máa padà.

Ní Bàrígà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Bàbá ti wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, pákò wà lẹ́nu, ó ń ti ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ́n, òun náà ń ṣe àyẹ̀wò! Ó ń ṣí ìkòkò Ìyá Rísì, ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé rẹ̀, wò bóyá iná mànàmáná ló fi ń se ẹ̀wà. Ó ń ka bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọmọge òkè, kó lè mọ iye ẹni tó sùn síbẹ̀. Ó ń bi ọmọ iléèwé léèrè ẹni tó wọ ṣòkòtò pupa tó jáde lóru. Ògiri tó sán láti abẹ́ fèrèsé dé ilẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ kò tó.

Kí wọ́n tó gbà yín sílé gan-an ńkọ́? Ìwádìí tí wọ́n máa ṣe lórí yín, ọlọ́pàá kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ibo ni yín? Ṣé ẹ ti lọ́kọ? Ṣé ẹ kì í ṣe lọ́yà? (Wọn kì í fẹ́ gbọ́ lọ́yà sétí. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀.) Ejẹ́ńtì á gbowó kó tó mú yín dé ẹnu géètì, á gba owó iṣẹ́ tiẹ̀, á gba owó àgírímẹ́ǹtì, á tún gba owó ohun tí ẹ kò tíì bà jẹ́. Nínú gbogbo owó yìí, kọ́bọ̀ kan kò kan ẹni tó máa gun òkè àjà lọ wo igi òrùlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé náà ṣe jẹ́ gan-an. Ilé ilẹ̀ ni bàbá Bàbá kọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ ló gbẹ́. Nígbà tí owó Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọmọ gbé àjà kan lé e lórí, ó tún gbé táńkì omi ńlá méjì lé orí àjà náà. Kò sí ẹ́njíníà kankan níbẹ̀ o, bíríkìlà tí ìyàwó rẹ̀ mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣe é. Waya iná wọ́ jáde lára ògiri bí ìfun adìẹ. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ló wà lójú ọ̀nà àárín ilé, sìlíńdà gáàsì jókòó tì wọ́n, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni gbogbo ará òkè ń bá sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì fi irin dí gbogbo fèrèsé nítorí olè. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ìdílé mélòó la ti gbọ́ nílẹ̀ yìí pé wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sùn tí wọn kò jí?

Nígbà tí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í lanu, ṣé ẹ mọ ohun tí Bàbá rà? Ọ̀dà! Ó kùn ún, ó tún sán. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó yí àwọ̀ padà, bóyá ògiri kò fẹ́ràn ti àkọ́kọ́. Ìyá Rísì fi kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí bo ti inú yàrá tirẹ̀. Nígbà tí ó là kọjá ìsàlẹ̀ kàlẹ́ńdà náà, obìnrin yìí lọ wá èyí tó gùn jù ú lọ. Mo bínú sí i, mo ní ṣé kò lójú ni. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní kí n kó jáde. Ibo ni mo tún ti máa rí owó ọdún méjì?” Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ sí ìyẹn. Owó ọdún méjì kẹ̀! Òfin ìyálégbé tí Èkó ṣe ní 2011 kò fi àyè gba onílé láti béèrè ohun tó ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin yẹn kan náà ló ní kí onílé máa tún ara ilé àti ibi tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò ṣe, kó sì fi ilé sí inṣọ́ránsì. Ta ló ń bi í?

Ó dára, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, pupa ti di funfun. Èmi kò sọ pé ẹnikẹ́ni gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ: ọkọ̀ kan dúró, ẹnì kan wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, a kò sì fojú kàn án mọ́.

Bóyá àsọdùn ni mo ń ṣe lójú yín. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fájì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà ní àjà òkè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé gbígbé ni ìjọba mọ̀ ọ́n sí. Nǹkan bí ogún ẹ̀mí ló lọ, ọmọdé sì wà nínú wọn. Àwọn tó ń mójú tó ilé kíkọ́ l'Ékòó sọ fún gbogbo ayé lẹ́yìn rẹ̀ pé ilé náà ti wà lára àwọn tí àwọn sàmì sí láti wó. Wọ́n ti sàmì sí i! Síbẹ̀, láràárọ̀ ni àwọn ìyá ń bá ọmọ wọn de okùn bàtà, tí wọ́n ń rán wọn gun àtẹ̀gùn yẹn lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, òmíràn tún wó ní òpópónà Ìbàdàn ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà, ó sì pa ènìyàn mẹ́wàá, ó kéré tán.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wá fi òyìnbó yan fún mi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ní Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú nítorí ebu tó hù sí ògiri ilé tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, bàbá rẹ̀ sì ti ké sí àwọn onílé títí. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, ẹni tó wádìí ikú náà sọ ọ́ ní gbangba ní 2022 pé ebu yẹn ló pa á, wọ́n sì fi orúkọ ọmọ náà pe òfin. Bàbá Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ ọ lórí rédíò níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa, ó mi orí, ó ní àwọn onílé kan kò láàánú. Háà! Mo wo ẹnu rẹ̀, mo wo ògiri tó fẹ̀yìn tì.

Ibi ìnáwó àádọ́rin ọdún rẹ̀ la wà lọ́jọ́ yẹn. Màlúù méjì ló pa. Olórin wá pẹ̀lú gbogbo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ayálégbé ra aṣọ ẹbí, torí ta ni yóò kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ onílé? Ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà l'Ékòó tó ń dán ohun ìkọ́lé wò, wọ́n lè yẹ kọnkéré wò láìwó ògiri kankan. Ká ní Bàbá yọ owó màlúù kejì sọ́tọ̀ láti pè wọ́n, ẹran kò ní tán nínú àwo ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gbẹ́ni kan láàárín wa ní ìgboyà, ó bi í nípa ilé náà níbi ìnáwó yẹn. Bàbá lẹ owó mọ́ iwájú orí onígángan, ó ní, “Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ilé.” Ẹ gbọ́ mi, kí ló wá dé tí Ọlọ́run yẹn kò tó láti ṣọ́ ti Peckham? Ṣé Ó ní láti gba ìwé Gas Safe ni? Ẹni tí kò mọ̀, a lè kọ́ ọ. Èyí mọ̀, àní ó mọ̀ ọ́n dé orí ọjọ́ àti wákàtí. Àwọn tó ń sanwó fún un lọ́hùn-ún lè pè é lẹ́jọ́, ó sì ń bẹ̀rù wọn. Kò bẹ̀rù Ìyá Rísì. Ìwà ìkà nìyẹn, mi ò ní orúkọ mìíràn fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lewisham, ẹ bá wa pè é. Ẹ ní kó wá ẹ́njíníà sí ilé bàbá rẹ̀ kí òjò oṣù Kẹfà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé táńkì méjèèjì kúrò lórí àjà. Yàrá Ìyá Rísì ló wà lábẹ́ wọn, ọmọ mẹ́ta ló sì ń sùn síbẹ̀.