Ìyá Alásè Orí Òpó

Ẹni tó bá ń fi íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́ wa, tí ohùn mi ń já, kó fara balẹ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ ni mo gbé dé.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ lù ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítòsí yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń fa fíìmù Kòríà sórí fóònù, apá 1 títí dé 16. Èkejì ń wo bọ́ọ̀lù. Ìyá ẹnì kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Àkẹ̀sán dé nílé l'Ọ̀yọ́, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí WhatsApp: "Ọ̀rọ̀ owó yẹn..." Ló bá já. Ọmọ ti kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ìyá tún pè: "...kò sí o!"

Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ló ń bọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Under G, bí ìyá alásè níbi ìnáwó. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ṣíbí kan péré ló fẹ́, àmọ́ kò lè dúró. Onífíìmù gbé kúlà wá, sùúrù ò sì lè pa á. Ìlànà 4G mọ èyí: ó fún ohùn ní 100 mílísẹ́kọ́ńdì láti la nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, ó fún fídíò bíi ti fíìmù ní 300. Ẹgbẹ̀rún ìgbà ni òpó ń tún un pín láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyá alásè wo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò ní bú èèyàn?

Kí ló wá dé tí ìyá tó pe ọmọ rẹ̀ ò rí jẹ? WhatsApp ni. Lójú òpó, dátà bíi dátà ni. Ṣíbí ló mú dání, ìlà oníkúlà ló tò sí. Ká ní ó fi káàdì pè lórí 4G ni, iwájú ni wọn ì bá gbé e sí. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ná káàdì?

Ibi téèyàn wà náà tún ṣe pàtàkì: ẹni tó wà nídìí òpó tètè ń gba tirẹ̀. Ẹni tó wà lọ́nà oko, àkókò rẹpẹtẹ ni wọ́n fi ń bu díẹ̀ fún un. Òpó tó bá ń wá èrè nìkan, á gbàgbé ará oko. Nítorí náà, àwọn ẹnjiníà ní kó máa wo ohun tí kálukú lè gbà báyìí, kó fi wé ohun tó ti ń rí gbà bọ̀. Ẹni tí ebi ti pa pẹ́ á bọ́ síwájú. Èyí dáa ju bí wọ́n ṣe ń pín ìrẹsì ìbò lọ.

Àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún dọ́gbọ́n: wọ́n ń ta dátà òru ní pọ́ọ́kú, kí àwọn oníkúlà lè máa wá lóru. Ọmọ Under G gbọ́, gbogbo wọn ń jí láago kan òru. Òru náà ti wá kún báyìí. Ẹ bá mi bi wọ́n: ta ló ń lọ sí kíláàsì aago mẹ́jọ?