Ọba Kọ Iná Ọba

Ìyá àwọn ọmọ mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. À ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò oníbátìrì (ẹ má wulẹ̀ bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ oníbátìrì), wọ́n wá kà á débi pé bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà wà nínú ìṣúná ọdún 2025 fún iná sólà tí wọ́n fẹ́ gbé sí Ilé Ààrẹ l'Ábùjá. Mo ti la ẹnu sílẹ̀, mo fẹ́ pariwo. Òun ò pariwo ní tirẹ̀. Ó rọra gbé ife ògì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní: "Bàbá wọn, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè. Ta ló máa ń pa fírísà ibẹ̀ tó bá ti dì tán?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá èsì. N ò rí i.

Ẹ ò lè ti gbàgbé ọ̀rọ̀ fírísà. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni, ọ̀sẹ̀ tí owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn oníbàárà tí wọ́n ní iná wọn ń pẹ́ jù, fò láti ohun tí kò tó ₦70 lọ sí ₦225 lórí yúníìtì kan. Ariwo ta. Mínísítà iná mànàmáná ìgbà náà, Olóyè Adébáyọ̀ Adélabú, jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó là á yé wa pé iná ti pọ́ọ́kú jù fún wa ló fi jẹ́ pé a kì í ṣọ́ ọ lò. Ó ní èèyàn á máa lọ síbi iṣẹ́, á fi fírísà tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ lórí iná, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti dì gbagidi. Ọmọ Ìbàdàn ni, akáǹtáńtì tó mọ̀wé dáadáa ni, ó ti ṣe igbákejì gómìnà Báńkì Àpapọ̀ rí. Lẹ́yìn tí gbogbo ìlú fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tán, ó tọrọ àforíjì. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó tọrọ àforíjì. Owó iná nìkan ni kò tọrọ àforíjì.

Ẹ jẹ́ kí n fi fírísà tèmi hàn yín. Àjọ la dá tí a fi rà á, funfun ni nígbà náà. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ló wà, ó ní àgádágodo. Ohun tó wà nínú rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí ni àpò ẹ̀lùbọ́ kan, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ, bàtà ọdún Iléyá mi, àti léèsì mẹ́ta tí ìyá wọn ò fẹ́ kí eku débẹ̀. Eku ò lè wọ fírísà. Ohun tí fírísà wà fún nílé wa nìyẹn. Ọjọ́ tí mínísítà bá yà sí ìlú wa, Ọ̀fà, tó ní kí n lọ pa fírísà, màá bi í pé ṣé léèsì ni kí n pa àbí ẹ̀lùbọ́.

Èyí tó tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ti ìyá tó ń ta ẹja yìnyín l'ọ́jà Ọ̀wọ́dé, kò sígbà tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Wọ́n ń bá a pa á. Ní ọdún 2024 kan náà tí wọ́n ní a kì í pa fírísà, odindi iná orílẹ̀-èdè dákú lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá, ó tún dákú lọ́jọ́ 15, ó tún dákú lọ́jọ́ 19. Fírísà olówó, fírísà tálákà, ilẹ̀ ò mọ èyí tó yàtọ̀. Ẹ tún fẹ́ ká ṣọ́ iná lò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Àwọn ará Yúróòpù ń ti ìlú kan dé ìlú kejì ṣèpàdé lórí bí wọ́n ṣe máa dín iná lílò kù. Àwa, ọjọ́ mẹ́fà péré, a ti pa á lẹ́ẹ̀mẹta, a ò sì jẹ búrẹ́dì ìpàdé kankan.

N ò fẹ́ sọ̀rọ̀ àìmọ̀, mo bá tọ bàbá kan tó ń tún fìríìjì ṣe nítòsí ibùdó rélùwéè lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, "Ọ̀gá, fírísà tó bá ti dì, ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀." Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń wọn òtútù. Tí òtútù bá ti dé ibi tí wọ́n yí i sí, ẹ̀rọ á sinmi. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, á tún jí. Bàbá náà ní ohun tó ń jẹ iná ni ìlẹ̀kùn tí àwọn ọmọ ń ṣí ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, rọ́bà etí ìlẹ̀kùn tó ti jẹ, àti fírísà tó ṣófo, torí òtútù kì í pẹ́ sá kúrò nínú èyí tó ṣófo. Ẹni tí kò bá ní ẹran tó pọ̀, kó rọ omi sínú ike kó kó o sínú rẹ̀. Ẹni tó bá wá pa á títí ó fi yọ́, ẹja ló máa san owó ìyẹn. Ẹ̀rọ lásán mọ ìgbà tó yó. Mo bi bàbá náà bóyá wọ́n lè bá wa so irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ìjọba lára. Ó ní wọn ò tà á l'Ọ̀fà.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn mí sí. Kí là ń pe iná yìí láti ìgbà tí a ti gbọ́njú? Iná ọba. Bí a ṣe ń sọ pé ọ̀nà ọba náà là ń sọ pé iná ọba. Ọba ló ni ín, àwa kàn ń yá níbẹ̀ ni. Ọba wá jí lọ́jọ́ kan, ó ní iná ọba ò wu òun mọ́, oòrùn lòun fẹ́. Tí ẹ bá dé búkà, tí ẹ rí olóúnjẹ tó ń ti ilé gbé abọ́ oúnjẹ tirẹ̀ wá, ṣé ẹ máa jókòó?

Mo tún padà sórí ìbéèrè ìyá àwọn ọmọ mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan l'Ábùjá, kò lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń pa fírísà náà. Olùdámọ̀ràn Pàtàkì fún Ààrẹ lórí Pípa Fírísà gbọ́dọ̀ wà. Òun náà á ní olùrànlọ́wọ́ méjì, ọ̀kan fún ẹran, ọ̀kan fún ẹja, kí ẹ̀yà kankan má bàa sọ pé wọ́n yan òun jẹ. Ọkọ̀ mẹ́ta á máa tẹ̀ lé e láti ọ́fíìsì rẹ̀ dé ilé ìdáná. Á lọ sí òkè òkun lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń pa tiwọn. Lọ́jọ́ tí fírísà bá sì dì, wọ́n á gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́tàlá kalẹ̀ láti wádìí bóyá lóòótọ́ ló dì. Kí ìgbìmọ̀ tó parí iṣẹ́, ó ti yọ́.

Ẹ má sì rò pé wọn ò jẹ gbèsè iná rí. Oṣù kejì ọdún 2024, àwọn AEDC tó ń pín iná l'Ábùjá gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn pé gbèsè tó wà lọ́rùn Ilé Ààrẹ lé ní mílíọ̀nù 923 náírà. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣírò, ó di mílíọ̀nù 342. Ààrẹ ní kí wọ́n san án. Mo fẹ́ràn ìṣírò yẹn gan-an. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wá bá mi ṣe irú rẹ̀ l'Ọ̀fà: kí gbèsè ₦92,300 jókòó sípàdé láàárọ̀, kó dìde ní ₦34,200 kí oòrùn tó kan àtàrí. Tiwa kì í ní ìpàdé. Àkàbà ni tiwa. Ẹ kàn máa gbọ́ tí ajá gbó, ẹ yọjú lójú fèrèsé, ẹ rí ìdí ọkùnrin kan lókè òpó.

Nígbà tí ariwo bílíọ̀nù mẹ́wàá pọ̀, wọ́n ní ṣebí White House ti Amẹ́ríkà náà ń lo sólà. Òótọ́ ni. Ààrẹ Jimmy Carter gbé pánẹ́ẹ̀lì 32 sórí òrùlé ilé náà ní oṣù kẹfà ọdún 1979, nígbà tí epo wọ́n gógó lágbàáyé. Kì í tiẹ̀ ṣe fún iná, omi ló ń mú gbóná. Nígbà Reagan, lọ́dún 1986, wọ́n ń tún òrùlé ṣe, wọ́n kó wọn sọ̀ kalẹ̀, wọn ò sì dá wọn padà. Ó di ayé Obama kí sólà tó tún gorí ilé ìgbé ààrẹ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo gígùn sísọ̀ yẹn, ẹ ò gbọ́ pé ààrẹ kan sá kúrò lórí iná ìlú torí pé kò jó. Sólà tiwọn, ẹran orí àmàlà ni. Àwa fẹ́ jẹ ẹran náà nígbà tí kò sí àmàlà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, inú ń bí mi. Ẹ pín bílíọ̀nù mẹ́wàá yẹn sí mílíọ̀nù mẹ́wàá mẹ́wàá, ilé ìwòsàn kékeré ẹgbẹ̀rún kan ló máa kàn. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á kárí wọn, 226 á ṣẹ́ kù. Agbẹ̀bí tó ń fi eyín di fóònù mú kó lè ríran gbẹ̀bí, tirẹ̀ ò tó nǹkan? Àwọn tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń pa sínú yàrá lójú oorun, ọkọ, ìyàwó, ọmọ, tí à ń kà nípa wọn lọ́dọọdún, ṣé fírísà ni wọn ò pa? Ẹni tí kò bá tíì sùn nínú ooru rí, kó má kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ iná lò. Kó má kọ́ mi rárá.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìbínú náà ni ti ìparí oṣù kẹta ọdún 2025. Mínísítà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ìgbà náà, Olóyè Uche Nnaji, ní ìjọba ń gbèrò láti fòpin sí kíkó pánẹ́ẹ̀lì sólà wọlé láti òkè òkun, kí ti abẹ́lé lè tà. Oṣù kan ò tíì pé lẹ́yìn rẹ̀ tí ti Ilé Ààrẹ fi jáde. N ò bá iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa jà o. Àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NASENI ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì ní Karshi l'Ábùjá, kí Ọlọ́run fi kún agbára wọn. Ẹyọ ìbéèrè kan ni mo ní: èyí tó wà fún Ilé Ààrẹ, níbo ni wọ́n ti ṣe é? Kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ká ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀.

Torí àwa náà ti ń ṣe tiwa. Oṣù mọ́kànlá ni ìyá wọn fi dá àjọ tó fi ra pánẹ́ẹ̀lì kan, bátìrì kan, gílóòbù mẹ́rin àti fáànù kan. Kò sí mínísítà tó wàásù fún un, owó epo ló wàásù fún un. Omi tí a fi fọ aṣọ la fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìrìn tí mò ń fi ọ̀kadà rìn tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín báyìí. Gáàsì nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò lọ bó ṣe yẹ: a ti padà sídìí èédú, mo sì mọ̀ pé igi inú igbó Kwara ló ń san owó rẹ̀. Ẹ má bá mi wí, ẹ bá owó gáàsì wí. Ní ti oòrùn, kí Carter tó gun òrùlé ni ìyá ìyá mi ti ń sá ẹ̀lùbọ́ sórí àpáta, àwa ọmọ á máa lé adìẹ. Oòrùn Ọ̀fà ò tíì fi ìwé owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Kí n tó gbàgbé: mọ́ínmọ́ín inú ọ̀rá. Ẹni tó bá ń ka ojú ìwé yìí mọ̀ pé n ò lè ṣe kí n má dé orí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ ti ní kí ike àti ọ̀rá àlòsọnù kúrò ní ọ́fíìsì ìjọba láti oṣù kẹfà ọdún 2024. Èkó ti ṣáájú wọn, wọ́n fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà. Ó dáa. Ta ló máa wá fòfin de ìyá ìyàwó tó ń fi ọ̀rá se mọ́ínmọ́ín ìnáwó? Ewé eéran wà l'ọ́jà Ọ̀wọ́dé, òórùn rẹ̀ nìkan tó fi jẹun, tí a bá sì tú mọ́ínmọ́ín tán, ewúrẹ́ á gba èyí tó kù, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n á fi ìyẹn sílẹ̀, wọ́n á da ẹ̀wà lílọ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n á kó ọ̀rá sínú omi tó ń hó, wọ́n á wá gbé e fún àlejò. Ọ̀rá yẹn á ti gọ́tà dé odò Ọ̀yún. Wọ́n ní ewé ń ni wọ́n lára láti fọ̀. Ẹni tí ewé ń ni lára, kó din àkàrà.

Ìnáwó kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, òkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ni wọ́n ń ṣe. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé tí mọ́ínmọ́ín bá fi lè wà nínú ọ̀rá, n ò ní fẹnu kàn án. Ìyá àwọn ọmọ mi ní kí n kọ tòun náà mọ́ ọn: tí wọ́n bá ń pín ike tó ní àwòrán màmá lára, kí wọ́n bá òun mú méjì tó ní ọmọrí pa mọ́. Fírísà ti kún.