Alárinà Tí Kò Yẹ̀bá

Bí ọkọ àti ìyàwó bá mojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀bá. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe é. Iṣẹ́ alárinà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré nígbà náà. Òun ní í gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin lọ sọ́dọ̀ obìnrin, òun náà ní í gbé èsì bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwádìí á wá bẹ̀rẹ̀. Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀ nínú ẹbí wọn? Ṣé wọn kì í ya wèrè? Ṣé wọn kì í jalè? Ọmọkùnrin náà ńkọ́, ṣé ó lápá iṣẹ́, àbí ebi ni yóò fi pa ọmọ ọlọ́mọ? Bí gbogbo rẹ̀ bá tòrò, tí wọ́n dána tán, tí ìyàwó wọlé ọkọ, alárinà á gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, á sì wábi gbà. Bó bá tún ń yọjú lálaalẹ́, a jẹ́ pé ó ní nǹkan mìíràn lọ́kàn nìyẹn.

Lónìí ńkọ́? Obìnrin kan lọ́kọ ní Houston. Ó ti bímọ méjì fún un. Ìyá ọkọ ti fi omi gbígbóná wẹ àwọn ọmọ náà, ó ti fún wọn lórúkọ, ó ti bá ìyàwó jà, wọ́n sì ti parí ìjà. Ó ku kí obìnrin yìí lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni alárinà tún ti dé, tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní Victoria Island, tó ń bi í pé: báwo lẹ ṣe mọra?

Èkó ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ṣe físà àwọn tó ń lọ bá ọkọ tàbí aya wọn fún gbogbo Nàìjíríà. Ará Sókótó ni ọ́ o, ará Calabar ni ọ́ o, Èkó lo máa wá. Òpópónà Walter Carrington ni kóńsúlétì náà wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Eleke Crescent tẹ́lẹ̀. Ta wá ni Carrington? Aṣojú Amẹ́ríkà ní Nàìjíríà ni láti 1993 sí 1997, ẹni tí kò fojúure wo ìjọba Abacha, tó sì fẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Dókítà Arese Ukpoma, níyàwó. Títì tí wọ́n ti ń wọn ìfẹ́ àárín Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà lórí ìwọ̀n, orúkọ àna wa ló ń jẹ́.

Ká má purọ́ mọ́ oyìnbó, kò sí ìbéèrè tuntun lẹ́nu rẹ̀. Ṣé kò sí àrùn? Ó ní kí o lọ rí dókítà tí àwọn fọwọ́ sí, kí wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí wọ́n sì gún ọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ṣé o kì í jalè? Ó ní kí o gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ṣé ọkọ lè bọ́ ọ? Ó ní kí ọkọ fọwọ́ sí ìwé I-864, kó fi hàn pé owó tó ń wọlé fún òun fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé iye tí ìjọba wọn kà sí ìlà òṣì. Ìwé yìí le ju ìdána lọ. Bí ìgbéyàwó bá tú, ìwé ò tú. Ọkùnrin tó ti kọ ìyàwó sílẹ̀ ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè oúnjẹ títí obìnrin náà á fi di ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí tí á fi ṣiṣẹ́ tó bí ọdún mẹ́wàá, tàbí tí á fi kó kúrò nílùú wọn, tàbí tí ikú á fi dé. Ká ní ìwé yẹn wà láyé àwọn ìyá wa àgbà ni, èmi ò rò pé ọkùnrin púpọ̀ ni ìbá fẹ́ ju ìyàwó kan lọ.

Ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ sí tiwa ni pé alárinà wọn ò mọ ìgbà tí iṣẹ́ parí. Bí ìgbéyàwó rẹ ò bá tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ tí o wọ Amẹ́ríkà, káàdì ọdún méjì péré ni wọ́n á fún ọ, láti ìgbà òfin tí wọ́n ṣe ní 1986. Nígbà tó bá ku 90 ọjọ́ kí káàdì náà kú, ìwọ àti ọkọ rẹ á jọ kọ̀wé pé ẹ ṣì ń fẹ́ra yín. Nígbà mìíràn sì rèé, ṣe ni alárinà máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ tọkọtaya. Ní oṣù Kejì 2020, Ààrẹ Trump dá físà àwọn tó ń lọ gbé Amẹ́ríkà dúró fún ọmọ Nàìjíríà. Ó di oṣù Kìíní 2021, lọ́jọ́ tí Biden gorí àlééfà gan-an, kí wọ́n tó wọ́gi lé e. Ẹni tó bá sì rò pé ilé ẹjọ́ á gba òun, kó gbọ́ ti obìnrin agbẹjọ́rò kan ní California, ọmọ Amẹ́ríkà, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ El Salvador. Kóńsúlétì kọ̀ fún ọkọ, aya gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ. Ní oṣù Kẹfà 2024, àwọn adájọ́ ní òfin ìpìlẹ̀ wọn kò fún ọmọ Amẹ́ríkà ní ẹ̀tọ́ pé dandan ni kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ tàbí aya rẹ̀ wọlé.

Ó dára. Ìyẹn ni ti oyìnbó, iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ló ń ṣe. Kì í ṣe òun ni mo wá bá wí. Àwa la lọ fowó wa kó alárinà kejì, ìkẹta àti ìkẹrin wá sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní olùkọ́ íntáfíù. Owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà, wọ́n kọ ọ́ síta kedere: $325 fún físà, $120 fún àyẹ̀wò ìwé I-864. Ti olùkọ́ ò ṣeé kọ síta. Mo jókòó ní pálọ̀ kan ní Ògbà lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn wá kọ́ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà ní Houston yìí lẹ́kọ̀ọ́. Ó wọ kóòtù nínú ooru, ó gbé fáìlì sórí itan.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Níbo lẹ ti pàdé ọkọ yín?"

"Ní Mushin, níbi ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ mi. Ó da ọbẹ̀ sí mi láṣọ."

"Háà, rárá o! Ẹ má dárúkọ ìsìnkú níwájú oyìnbó. Ẹ sọ pé láíbìrì Yunifásítì Èkó ni."

"Bùrọ̀dá, mi ò lọ Yunifásítì Èkó."

"Wọn ò ní bèèrè ìyẹn."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọbẹ̀ dà sí léèsì ìsìnkú. Ọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀, ó gba nọ́ńbà fóònù kó lè san owó ẹni tó máa fọ aṣọ, kò sì san án títí dòní. Gbogbo ilé ló mọ ìtàn yẹn, àwọn ọmọ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rí wo ló tún kù? Olùkọ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi láíbìrì rọ́pò. Bẹ́ẹ̀, ọkọ tó wà ní Houston ti kọ Mushin sínú ìwé tó fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ íntáfíù, ìwé 221(g) ni wọ́n sábà máa ń nà sí i: wọn ò tíì fún ọ, wọ́n ń lọ wádìí sí i. Ìwádìí náà lè gba oṣù, ó lè gba ọdún. Olùkọ́ ti gba owó rẹ̀ lọ.

Wọ́n tún kọ́ ọ bí yóò ṣe máa pe orúkọ ọkọ rẹ̀ gán-án láìfi ìpè kankan kún un. Obìnrin yìí ò pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí láti ọjọ́ tó ti bímọ, Dádì Tòlú ló ń pè é. Nígbà tí olùkọ́ bi í pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí mọ́ ọkọ rẹ̀, ó ka mọ́kànlá, nítorí gbogbo ẹni tó jẹun nínú ìkòkò ìyá ọkọ rẹ̀ ló kà. Ọkọ ti kọ mẹ́ta. Níbẹ̀, mo gbà pé ẹ̀kọ́ díẹ̀ dára: kí tọkọtaya jọ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìwé. Ìpè fóònù kan ti tó fún ìyẹn.

Alárinà kẹta ni ayàwòrán. Nítorí wọ́n gbọ́ pé oyìnbó fẹ́ràn fọ́tò, ọkọ tó wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì á pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ọ̀sán kan: Kérésì, Àjíǹde, ọjọ́ ìbí, ìsinmi, "ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé". Irun ìyàwó ò yí padà. Kàlẹ́ńdà ìjọ tó wà lára ògiri ò kúrò ní oṣù Kẹjọ. Tọkọtaya gidi ni wọ́n o! Fọ́tò tí àbúrò fi fóònù rẹ̀ yà lójijì, tí ojú ọkọ dì tí ẹ̀bà sì wà lọ́wọ́ ìyàwó, èyí tó jẹ́ òtítọ́, wọ́n ní kò mọ́ dáadáa, wọ́n pa á rẹ́.

Ẹ̀yin ẹbí wá ni alárinà kẹrin. Ọkọ ò ráyè wá síbi ìgbéyàwó, ẹ sì ti yan aṣọ ẹbí. Ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ sórí àga, àbúrò rẹ̀ wọ agbádá, ó dọ̀bálẹ̀ fún àna, màlúù kú. Lójú tiwa, ẹbí ló ń gbéyàwó, kò sí àléébù níbẹ̀. Òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà ò gba ìgbéyàwó tí ọkọ àti aya ò ti jọ dúró pọ̀, àyàfi bí wọ́n bá padà jọ sùn lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya. Ìdọ̀bálẹ̀ àbúrò ò sí nínú ìwé wọn. Ẹ sì tún gbé fáìlì lọ sábẹ́ pẹpẹ fún ọjọ́ méje, wòlíì da òróró sí i. Ní gíláàsì, òṣìṣẹ́ á gbé ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó sókè, á wo ibi tí òǹtẹ̀ ti ṣá nítorí òróró, á wojú rẹ.

Àwọn oní-àréńjì ló kó gbogbo wa sí wàhálà yìí, àwọn tó ń sanwó fún ẹlòmíràn kó fẹ́ wọn lórí ìwé. Tiwọn ò gùn: ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún lè wà níbẹ̀, owó ìtanràn tó $250,000 lè wà níbẹ̀. Ẹni tọ́wọ́ bá sì tẹ̀, bó padà rí olólùfẹ́ gidi lọ́la tó sì fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, wọn ò ní fọwọ́ sí ìwé tí ẹni yẹn bá kọ nítorí rẹ̀ mọ́ láé. Oní-àréńjì ló nílò ìtàn láíbìrì. Òun ló yẹ kó há nǹkan sórí, nítorí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Kí wá ni aya ọkọ, ìyá ọmọ méjì, ń wá ní kíláàsì oní-àréńjì? Kẹ́ni tó jẹ́ ojúlówó máa sanwó láti dà bí ayédèrú, ìwà òmùgọ̀ wo ló tún jùyẹn lọ?

Ẹ̀yin tí ọjọ́ yín ń bọ̀, ẹ kó ojúlówó ìwé dání, ti ìgbéyàwó, ti ìbí, ti ọlọ́pàá, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá bèèrè ibi tí ẹ ti pàdé, tó bá jẹ́ ìsìnkú, ẹ sọ pé ìsìnkú ni. Owó tí ẹ fẹ́ fún olùkọ́, ẹ fi ra dátà, kí ẹ fi bá ọkọ yín sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní.