Kí Ló Ń Lé Oníchia?

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ọ̀rọ̀ náà pé fún ayé tí wọ́n gbé. Ọdẹ a máa lé ẹran, ogun a máa lé ará ìlú, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì sí nínú méjèèjì yóò rọra gba ojú ọ̀nà lọ sí oko rẹ̀. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ìgbà kan ń bọ̀ tí ènìyàn yóò sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọ inú ẹ̀gún, tí yóò ki ẹsẹ̀ bọ bàtà olówó gọbọi, tí yóò so aago tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù mọ́ ọrùn ọwọ́, tí kò lé nǹkan kan, tí nǹkan kan kò sì lé e. Bí èémí bá wá já a kulẹ̀ ní kìlómítà kejì, yóò ní chia ni òun kò mu kúrò nílé.

Ẹ ti mọ chia, àbí? Hóró bíńtín tó dúdú, tó ní àmì eérú lára, tí wọ́n ń rọ sínú ike tà ní ṣọ́ọ̀bù àti lórí WhatsApp. Mẹ́síkò àti Guatemala ni ilẹ̀ rẹ̀, ìdílé kan náà sì ni àwọn onímọ̀ ewéko kó òun àti ẹfinrin wa sí. Bí ẹ bá da omi sí i, yóò fa omi tó ìlọ́po mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ mọ́ra, yóò wú, yóò sì máa yọ̀. Yíyọ̀ yìí gan-an ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní omi tó wà nínú rẹ̀ kò ní tètè tán lára, pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa tú jáde fún eléré ìje, òùngbẹ kò ní gbẹ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní wúwo, yóò sì sáré títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Tó bá jẹ́ pé ohun tó ń yọ̀ ló ń mú ènìyàn sáré, àwa tí ilá àti ewédú ti ń gba ọ̀nà ọ̀fun wa kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti já wa lẹ́nu ọmú, ta ni ì bá gba góòlù lọ́wọ́ wa ní Olympics?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ dùn ún gbọ́. Ní ìpínlẹ̀ Chihuahua, lápá àríwá Mẹ́síkò, láàárín òkè Sierra Madre àti àwọn àfonífojì tó jìn kanlẹ̀, àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Rarámuri; àwọn àjèjì ló ń pè wọ́n ní Tarahumara. Ní 2009, akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà kan, Christopher McDougall, kọ ìwé tó pè ní Born to Run nípa eré sísá wọn. Inú rẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀ iskiate, ìyẹn omi tí wọ́n rẹ chia sí, tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí, tí wọ́n sì bu ṣúgà díẹ̀ lé. Ìwé náà tà wàràwàrà. Odindi ìwé lórí òkè, ẹsẹ̀ àti ìran kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé rí mú níbẹ̀ kò ju ife omi kan lọ.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ara ère amọ̀ ni ará Amẹ́ríkà ń gbin chia sí. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń polówó Chia Pet lórí tẹlifíṣọ̀n: ẹ ó ra ère àgbò tàbí orí ènìyàn, ẹ ó fi chia tí ẹ ti rẹ pa á lára, yóò sì hu ewé bí irun. Hóró kan náà ni o. Kò sí ẹni tó wo àgbò amọ̀ nígbà náà tó ní òun ti rí àṣírí eré ìje.

Ẹ jẹ́ ká fi òwe wa wọn àwọn Rarámuri wò. Ṣé nǹkan lé wọn? Ó lé wọn dáadáa. Ní 1631, fàdákà jáde ní Parral, àwọn ará Sípéènì sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn wà á. Rarámuri ni wọ́n nawọ́ mú. Wọ́n ṣọ̀tẹ̀, wọ́n tún ṣọ̀tẹ̀, nígbà tó yá ọ̀pọ̀ nínú wọn ká ẹrù, wọ́n sá wọ inú àfonífojì tí apá ẹlẹ́ṣin kò lè tètè ká. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn wà títí di òní, ilé sí ilé jìnnà, òkè ni wọ́n ń gùn kí wọ́n tó kí ara wọn.

Ṣé àwọn náà ń lé nǹkan? Wọ́n ń lé e. Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní rarájipari. Ẹgbẹ́ méjì ni yóò dúró, bọ́ọ̀lù igi kékeré kan lẹ́sẹ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọn á gbá a síwájú, wọn á sáré lé e bá, wọn á tún gbá a, lórí òkúta, nínú ẹ̀gún, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú tí àwọn ará abúlé yóò tan ògùṣọ̀ máa sáré tẹ̀ lé wọn. Ó lè di ọjọ́ kejì. Àwọn obìnrin ní tiwọn, òrùka ni wọ́n ń lé dípò bọ́ọ̀lù. Wọ́n sì ń ta tẹ́tẹ́ lé e lórí, aṣọ lọ, ẹran ọ̀sìn lọ. Ẹni tí aṣọ ara rẹ̀ wà nínú tẹ́tẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni fún un ní ohun tí yóò mú ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé ni oúnjẹ wọn. Ọtí wọn ni tesgüino, àgbàdo ni wọ́n fi ń pọn ọ́n gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, mo sì ń retí ẹni tí yóò kọ́kọ́ tà á fún eléré ìdárayá. Ní 2020, Daniel Lieberman ti Yunifásítì Harvard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde pé àròsọ ni pé wọ́n bí eré mọ́ àwọn ènìyàn yìí: iṣẹ́ àṣelàágùn, òkè gígùn, ẹgbẹ́ àti àdúrà ló ń gbé wọn sáré. Ta ló fẹ́ rọ ìyẹn sínú ike?

Ìdíje Leadville ní Colorado, kìlómítà 160 lórí òkè, ló sọ wọ́n di ìlúmọ̀ọ́ká ní Amẹ́ríkà. Ní 1992 wọ́n mú àwọn Rarámuri kan wá síbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó sá a dé òpin. Ní 1993, Victoriano Churro, ẹni ọdún 55, gba ipò kìíní. Ní 1994, Juan Herrera sá a ní wákàtí 17 àti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò sí ẹni tó yára tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá ní chia ló ṣe iṣẹ́ yìí, kó jọ̀wọ́ bá wa wádìí ibi tí chia lọ ní 1992. Nígbà tó di 2017, María Lorena Ramírez, ọmọ Rarámuri tó ń da ẹran, gba ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin nínú eré kìlómítà 50 ní Puebla, yẹ̀rì nídìí, sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà náà n kò tíì rí ẹni tó ń ta yẹ̀rì fún eléré ìje. Ẹran dídà náà, kò sí ẹni tó polówó rẹ̀. Èrè kò sí níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kò kúkú dákẹ́. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Alabama fún ọkùnrin eléré ìje mẹ́fà ní ohun mímu ṣúgà tí àwọn eléré máa ń mu. Nígbà mìíràn, wọ́n yọ ìdajì rẹ̀, wọ́n fi chia rọ́pò. Àwọn ọkùnrin náà sá wákàtí kan, wọ́n sì tún fi kìlómítà 10 lé e. Àkókò tí wọ́n fi sá a kò yàtọ̀. Chia kò fà wọ́n sẹ́yìn, kò sì tì wọ́n síwájú. Ṣúgà tí wọ́n mu ló kàn dín kù. Oníṣòwò gbọ́ "kò fà wọ́n sẹ́yìn", ó sáré lọ tẹ ìwé ìpolówó. Ní 2015, David Nieman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Appalachian State University mú eléré ìje 24, wọ́n fún wọn ní òróró chia lọ́jọ́ kan, omi lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ní kí wọ́n sáré títí yóò fi rẹ̀ wọ́n. Èròjà omega-3 pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò mọ̀ sí i.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ṣúgà tí ara fà yọ látinú iṣu, àgbàdo àti ìrẹsì ni iṣan ń jó nígbà tí eré bá le. Nínú gíráàmù 28 chia, èyí tó jẹ́ irú èròjà bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù 12 lọ, 10 nínú rẹ̀ sì jẹ́ fáíbà tí kì í dà nínú ikùn. Omi àti iyọ̀ ni òógùn ń kó jáde lára. Iyọ̀ inú chia kò tó nǹkan. Omi inú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin náà lẹ bù ú sí i.

Kí ló wá ń lé oníchia? Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ ní Èkó láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí máráthọ́ọ̀nù ìlú náà, tó ti wà láti 2016, bá ń sún mọ́lé.

"Dádì, ẹ kú eré o. Ẹ mu chia yìí lálẹ́ òní, tó bá di àárọ̀ ọ̀la, ẹ ó máa fò bí ẹṣin ni."

"Ọmọ mi, ẹsẹ̀ méjì péré ni mo ní. Èló ni?"

Ó ti béèrè èló, ó ti bọ́ sọ́wọ́ wọn nìyẹn. Àwọn baba wa gbà pé ẹni tí nǹkan ń lé yóò mọ̀ pé wọ́n ń lé òun. Ti ìpolówó kò rí bẹ́ẹ̀. Dádì tí ìpolówó ń lé kiri rò pé òun ló ń lé e.

Ẹ ṣọ́ra fún chia gbígbẹ pàápàá. Ní 2014, dókítà kan ní Amẹ́ríkà ròyìn ọkùnrin ẹni ọdún 39 kan tí oúnjẹ ti máa ń há lọ́fun tẹ́lẹ̀. Ó da ṣíbí chia gbígbẹ kan sẹ́nu, ó fi omi lé e. Hóró náà wú mọ́ ọn lọ́fun, ó dí ọ̀nà oúnjẹ pa, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bá a ṣí i. Ẹni tó bá sì rọ fáíbà kún inú láàárọ̀ ìdíje, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni yóò máa wá kiri kó tó rí ìlà ìparí. Nǹkan ń lé òun lóòótọ́.

N kò bá chia jà. Oúnjẹ ni, ó sì dára fún ikùn. Ẹ rẹ ẹ́ kó wú dáadáa, ẹ dà á sínú ògì lọ́jọ́ tí ẹ kò ní sáré. Bí ìdíje bá ku ọ̀la, ẹ jẹ iṣu tàbí ìrẹsì yín. Lójú eré, ẹ mu omi bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, ẹ fi iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ sí i bí ọ̀nà bá jìn, ẹ má sì mu ún ní àmujù: nínú eléré 488 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní máráthọ́ọ̀nù Boston ní 2002, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù lára 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ Kẹ́ńyà tó sábà máa ń gbégbá orókè ní Èkó ń jẹ, àwọn olùwádìí kan ti kọ oúnjẹ eléré ìje Kẹ́ńyà 10 sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2004. Ugali, ìyẹn òkèlè àgbàdo, wà lára ohun tí wọ́n ń jẹ jù. Ohun tí wọ́n ń mu jù ni omi àti tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.