Bí Mo Ṣe Di Ará Gánà ní Kútọnu

Olùkọ́ Faransé wa ló fà á. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí gbogbo wa ti ka "je suis, tu es, il est" bí ọmọ ilé kéú, ó pa ìwé dé, ó ní inú yàrá kọ́ ni èèyàn ti ń gbọ́ èdè. Ó ní ká jáde sígboro, ká bá aláṣọ ná ọjà, ká bá ọlọ́kadà ṣàròyé, ká ṣì í sọ, kí wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín. Mo ṣe gbogbo ohun tó kà sílẹ̀ pátá, pàápàá èyí tó fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Ọdún 2011 ni. Ọ̀gá mi ní Èkó ń kó ọkọ̀ tokunbo wọlé láti Kútọnu, àwọn tó ń bá a ṣe é níbẹ̀ sì ti fi ìwé Faransé rẹ́ ẹ jẹ títí ó fi sú u. Ó bi wá ní ṣọ́ọ̀bù pé ta ló gbọ́ Faransé nínú wa. Mo nawọ́. Ohun tó kì mí láyà kò pọ̀: ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, Ọ̀gágun Sani Abacha kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà, ilé ìwé wa náà sì sáré wá tíṣà kan. Ó kọ́ wa ní táàmù kan ààbọ̀ kó tó ríṣẹ́ sí báńkì. "Comment ça va" ṣì kù lẹ́nu mi. Mo sọ ọ́, ọ̀gá ní, "Ọmọ yìí mà gbọ́ ọ!" Bí mo ṣe dèrò Kútọnu nìyẹn, oṣù mẹ́ta, kíláàsì Faransé ní ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ẹni tí yóò bá ọmọ Yorùbá sọ Faransé ní Kútọnu ṣọ̀wọ́n. Àjàṣẹ́ kò jìnnà síbẹ̀, Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà lókè lọ́hùn-ún, àwọn Fọn àti Ègùn tó ń bá Èkó ṣòwò sì ń sọ Yorùbá bí ẹni mumi. Bí mo bá dá ọlọ́kadà dúró, àwọn ẹlẹ́wù yẹ́lò tí wọ́n ń pè ní zémidjan, mo máa ní, "Bonjour, monsieur, je vais à..." Kí n tó dárúkọ ibi tí mò ń lọ, ó ti dáhùn: "Ọ̀gá, ẹ sọ Yorùbá, kí oòrùn má pa wá síbí." Mo bi alákàrà ní "Combien?", ó ní, "Mélòó lẹ fẹ́?" Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Faransé mi kò kúrò lójú kan. Yorùbá mi ló ń dán sí i.

Ni mo bá dọ́gbọ́n. Mo pinnu pé n kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Ẹni tó bá bi mí, ará Gánà ni mí. Ta ni yóò bá mi sọ Twi? Irọ́ náà kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ irọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Kumasi ní Gánà ni bàbá bàbá mi sì ti ń ṣòwò títí ìjọba Busia fi ní kí àwọn àlejò máa lọ ilé wọn ní 1969.

Ilé oògùn ni mo ti kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ gbọ́ ná: Faransé ní "u" kan tí kò sí lẹ́nu wa. Olùkọ́ ní ká ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé, ká wá pe "i" láti inú rẹ̀. Mo ń ṣe é níwájú dígí láràárọ̀ títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu, ó sì mọ́ mi lẹ́nu kọjá ààlà. Èyí tí wọ́n ń kọ ní "ou", tí kò yàtọ̀ sí "u" tiwa rárá, òun náà ni mo ń fi súfèé. Lọ́jọ́ kan mo fọrùn rọ́ lójú oorun, ilẹ̀ mọ́, n kò lè wo ọ̀tún. "Cou" ni ọrùn. Bí èèyàn bá súfèé sí i, ó di "cul". Ìdí nìyẹn, kì í sì í ṣe irú orúkọ tí à ń pè é níwájú àgbà.

Apoògùn náà jẹ́ ọmọbìnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun. Ó kọ́kọ́ ní, "Ẹ káàárọ̀, Sà." Mo ní rárá o, ará Gánà ni mí. Mo wá gbé ohùn sókè, kí àwọn tó tò sẹ́yìn mi lè jẹ́rìí sí Faransé mi: "Mademoiselle, j'ai très mal au cul!"

Ó wolẹ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi wúkọ́. Apoògùn náà rọra bi mí pé láti ìgbà wo. Èmi kò rọra: láti àárọ̀ yìí ni, n kò sùn lé e dáadáa. Ó ní ṣé mo máa ń jẹ ata? Mo ní kí ló dé, lójoojúmọ́ ni. Ó mi orí bí ẹni tó rí àrùn náà lójúkojú. Ó ní kí n dín ata kù, kí n máa jẹ ẹ̀fọ́, kí n mu omi púpọ̀, kí n má sì jókòó pẹ́. Mo ń rò ó lọ lójú ọ̀nà pé ìmọ̀ àwọn èèyàn yìí mà jinlẹ̀ o. Ata ló ń mú ọrùn le, àwa kò mọ̀!

Nínú páálí tó fún mi, mo bá àwọn nǹkan funfun ṣóńṣó bí ọta ìbọn. Oòrùn Kútọnu ti mú wọn rọ̀. Mo ní ìpara tiwọn nìyí. Mo tẹ ọ̀kan fọ́, mo fi ra ọrùn, mo tún fi aṣọ wé e. Òru méjì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn: ọrùn náà san! Lọ́jọ́ kẹta ni ọmọ onílé wa, tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, rí páálí lójú fèrèsé, ó kà á, ó wá fi àánú bi mí pé, "Tonton, ṣé jẹ̀dí-jẹ̀dí ń yọ yín lẹ́nu ni?" Mo ní ọrùn ni. Ó ní báwo ni mo ṣe lò ó. Mo fi hàn án. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kó tó di àṣálẹ́, kò sí ẹni tí kò gbọ́ nínú ọgbà yẹn. Èmi tí mo ti ń fi òyìnbó tó pe ọkọ̀ rẹ̀ ní ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ láti kékeré!

Ti "je suis plein" tí mo sọ nílé ìyá onílé lẹ́yìn oúnjẹ, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Mo ní mo yó ni. Àṣé ẹran tó lóyún ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, tàbí ọ̀mùtí. Kí ló wá pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Àwa náà ṣáà ń yó oúnjẹ, a sì ń yó ọtí.

Ti ọjà Dantokpa ló ń dùn mí. Àbúrò ìyàwó mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ìyàwó mi pè mí láti Èkó: "Bàbá Tọ́lá, ẹ má wọlé dé láìmú aṣọ Hollandais lọ́wọ́ o." Mo wọ ìlà aláṣọ, mo sọ pé ará Gánà ni mí, mo fọwọ́ kan ìgàn kan tó wù mí. "Combien?"

"Quatre-vingt mille."

Èyí yé mi láìronú. "Quatre-vingt", ogún mẹ́rin, ọgọ́rin! Bí a ṣe ń kà á gan-an ni wọ́n ṣe ń kà á. Inú mi dùn bí ẹni pàdé ará ilé lójú àjò. Ó wá kù kí n já iye tèmi, mo sì fẹ́ san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin. Báwo là ń ṣe àádọ́rin? Ogún mẹ́rin, ká yọ mẹ́wàá kúrò. Mo tò ó bẹ́ẹ̀: "quatre-vingt" kọ́kọ́, "dix" tẹ̀lé e. Mo fọwọ́ lu tábìlì. "Quatre-vingt-dix! Dernier prix!"

Yorùbá ń yọ, Faransé ń fi kún. Àádọ́rùn-ún ni mo pè. Wọ́n ní àwọn ará Bẹ́ljíọ́mù tó ń sọ Faransé, "septante" ni wọ́n ń pe àádọ́rin, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò ní wàhálà. Ibo ni wọ́n wà nígbà tí àwọn òyìnbó ń pín Dahomey, ilẹ̀ tí Kútọnu wà?

Ìyá náà tẹjú mọ́ mi. "Quatre-vingt-dix?"

Mo rò pé ó ń dùn ún ni. Mo fa ojú ro, mo ní n kò ní fi fráǹkì kan lé e, bí kò bá gbà, mo ń lọ.

Ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀. Yorùbá ló bú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá Ràfíù, ẹ wá bá mi gbọ́ o. Mo ní ọgọ́rin, ọkùnrin yìí ní àádọ́rùn-ún lòun máa san, bí mi ò bá gbà, òun ń lọ."

"Ará ibo ni?"

"Ó ní Gánà."

"Owó wà ní Gánà nìyẹn. Gbà á kíá, kí ojú rẹ̀ tó là."

Ẹnì kẹta dá sí i láti ẹ̀gbẹ́: "Ẹ má rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Ara rẹ̀ lè má yá. Ẹ ò rí bó ṣe ń ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé?"

Gbogbo rẹ̀ ló wọ̀ mí létí geerege. Àádọ́rùn-ún! Bí mo bá la ẹnu sọ Yorùbá, àṣírí tú. Bí n kò bá sọ ọ́, owó lọ. Mo wá "soixante-dix" kiri inú orí mi, kò sí níbẹ̀. Òógùn bò mí. Mo fọwọ́ sápò, mo tún fà á yọ.

Bí mo ṣe dúró báyẹn ni ìyá arúgbó kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi pẹ̀lú agbada lórí. "Àgò o! Àgò lọ́nà!" Etí agbada gbá mi léjìká. Mo yí padà, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀: "Ẹ má bínú, Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀ ọ́."

Ìlà aláṣọ dákẹ́ lọ gbári. Ìyá Ràfíù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù wá tẹ̀lé e. Aláṣọ mi fi etí ìró rẹ̀ nu ojú.

"Ọ̀gá, Gánà ti Ìbàdàn ni àbí ti Ọ̀yọ́?"

"Ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Mà."

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlọ́gọ́rin ló gbà lọ́wọ́ mi. Bó ṣe ń di ìgàn náà ló ń kà á fún mi ní Faransé, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé: soixante-neuf, soixante-dix, soixante-onze. Ó ní kí n wí i tẹ̀lé òun, mo sì ń wí i.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ọ̀gá mi wá wo bí owó rẹ̀ ṣe ṣe sí. Mo mú un gba ọjà kọjá. Kí a tó dé ìlà aláṣọ ni wọ́n ti ń kí mi láti ọ̀ọ́kán, tọmọdé tàgbà: "Quatre-vingt-dix! Quatre-vingt-dix!"

Ọ̀gá bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní oníbàárà pàtàkì ni.