Lọ́yà Oníṣẹ́jú Mẹ́fà

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, tí Freshfields àti Linklaters, àwọn ilé iṣẹ́ lọ́yà ńlá ní London, ti sọ owó ọdún lọ́yà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé ẹ̀rí di £150,000, àwọn ìyá tó bí lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ní Barking ò fojú kan oorun mọ́. “Ṣé káńsù yìí náà lo máa gbó sí ni?”

Lóòótọ́, owó káńsù ò tó ìdajì ìyẹn. Àmọ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lọ́yà káńsù ti wà nílé ní Dagenham, ó ń ro àmàlà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní City, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yẹn wà, ṣì ń ka ìṣẹ́jú mẹ́fà-mẹ́fà, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣírò owó oníbàárà. Tó bá lọ tọ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá wákàtí ti wọgbó. Tí ìyá ẹ̀ bá wá pè, tí àdúrà bẹ̀rẹ̀ látorí “wàá ga ju ẹgbẹ́ ẹ lọ”, kó tó kan “àmín”, wákàtí kan ti lọ. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gé e kúrú.” Àdúrà tó gbé e débẹ̀ náà rèé o!

Ìjọba náà tún ń bẹ nídìí ọ̀rọ̀. Tí owó ọdún bá wà láàárín £100,000 sí £125,140, owó orí ń gba nǹkan bí 60 pẹ́ńsì nínú pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, wákàtí ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fún òbí tó ń ṣiṣẹ́ fún ìtọ́jú ọmọ sì lọ pátápátá. Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá kan. Ó gbọ́ ọ délẹ̀, ó mirí.

“Ó dáa. Èló ló wá ṣẹ́ kù?”