Oríkì Àpótí Fásitéèdì

Àpótí o! Àpótí funfun, alágbèélébùú pupa láyà! A-rí-ọgbẹ́-má-mira, a-gbọ́-igbe-má-dáhùn, arẹwà ara ògiri! Wọ́n kàn ọ́ mọ́ ọ́fíìsì fọ́mánù, o ń wo sáìtì bí ẹni ń wo oko àna. Kọ́kọ́rọ́ rẹ wà lápò fọ́mánù, fọ́mánù wà lóde ìnáwó n'Ìkòròdú. Ọba kì í jáde lójoojúmọ́. Ìwọ kì í jáde rárá.

Wọ́n ní bándéèjì, òwú, sísọ́ọ̀sì, ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti oògùn apakòkòrò ló yẹ kó wà nínú rẹ. Èèwọ̀ rẹ nìyẹn. Ohun tí ìwọ ń jẹ ni ṣájà fóònù, rìsíìtì sìmẹ́ǹtì, obì tó ti hu, àti pánádọ́ọ̀lù ẹyọ kan. (Orí fọ́mánù ni ẹyọ kan náà ń dúró dè.)

A-jókòó-kí-ìṣó-gún-lébírà! Ìṣó ara pákó dẹ́kìn gún ọmọ tó ń ru kankéré. Ó la sílípáàsì já, ó wọ àtẹ́lẹsẹ̀. O gbọ́ igbe, o ò mira: àgbà kì í sáré. Bíríkìlà mú pákó, ó ń lu ojú egbò kí ẹ̀jẹ̀ dúdú lè jáde. Kápíńtà da kẹrosíìnì sí i. Ìyá olóúnjẹ bu epo pupa wá nídìí ìkòkò ẹ̀wà. Gbogbo wọn di dókítà nítorí pé ìwọ di ọba. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ńkọ́? Ó di ọjọ́ tí wọ́n bá sanwó.

Ìwọ lo gbé 767 sáyà, nọ́ńbà tí Èkó fi ń pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì. Ọ̀dà bo 7 àkọ́kọ́, ó ku 67. Ẹni tó já láti orí ọparun, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n fi gbé e lọ, wọ́n há a sáàárín ẹni méjì, ọrùn ń mì lọ mì bọ̀, ọrùn tó jẹ́ pé ńṣe ló yẹ kí wọ́n dì í mú kó má mì. N ò fi èyí ṣẹ̀fẹ̀.

Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40, ààbò ni gbogbo ẹnu ń sọ. Orúkọ tìrẹ náà ròkè.

Ọjọ́ ọdún rẹ lọjọ́ tí ìjọba bá fẹ́ wá yẹ sáìtì wò. Ẹnìkan á ti ta fọ́mánù lólobó láàárọ̀. Akoto á jáde láti ilé ìkẹ́rùsí, òmíràn á bo ẹni tó dé e lójú. Fọ́mánù á fi áńkáṣíìfù nu àgbélébùú rẹ títí á fi dán. Àlejò á dé tòun ti fọ́ọ̀mù:

"Fásitéèdì ńkọ́?"

"Ó wà, sà."

Kò ní sọ pé kí wọ́n ṣí ọ. Ta ló jẹ́ ní kí ọba ṣí ikùn? Á fi bírò fa ìlà, á kọjá síbi tí wọ́n to mínírà tútù sí.